‘Iṣẹ́ ni Oògùn Ìṣẹ́’: Ìtumọ̀ Òwe Kan àti Ètò Ìjọba fún Mímú Ìṣẹ́ Kúrò

Ìfáàrà

Ó ṣòro láti rí ẹni tí ó kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ gbólóhùn tí ó sọ pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. J. F. Ọdúnjọ fi í ṣe àkọlé ewì kan nínú Aláwìíyé, ewì náà sì di àkọ́sórí fún ìran kan lẹ́yìn èkejì. Láti inú kíláàsì ni gbólóhùn yìí ti bọ́ sí orí pèpéle òṣèlú, sí ilé ìsìn àti sí orí rédíò, títí tí ó fi di ohun tí wọ́n ń sọ fún tálákà nígbàkúùgbà tí ó bá ké pé ìyà ń jẹ òun. Ó ti di òwe tí ó ń pa ẹnu ẹni dé.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀nà tí àwọn aláṣẹ gbà ń lo òwe yìí ti sọ ọ́ di ohun mìíràn, yàtọ̀ sí ohun tí ó jẹ́ nínú ọgbọ́n Yorùbá àti nínú ewì Ọdúnjọ fúnra rẹ̀. Nínú ọgbọ́n Yorùbá, iṣẹ́ a máa jẹ́ oògùn ìṣẹ́ nígbà tí ètò àwùjọ bá fi àyè sílẹ̀ kí oògùn náà jẹ́. Bí ètò bá kúrò níbẹ̀, ẹ̀bi ìṣẹ́ yóò di ti ẹni tí ìṣẹ́ ń bá fínra nìkan. Nítorí náà, ìtumọ̀ òwe kan ṣoṣo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òun ni ó ń pinnu ẹni tí ìlú yóò dá lẹ́bi nígbà tí ebi bá dé.

Ohùn, ọ̀rọ̀ àti àfiwé

Ìlò ohùn ni ó gbé ẹwà gbólóhùn náà ró. Ìró kọ́ńsónáǹtì àti ìró fáwẹ́lì inú iṣẹ́ àti ìṣẹ́ kò yàtọ̀ rárá. Ohùn àárín ni ó wà lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́; ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí ti ìṣẹ́. Ìfọ̀rọ̀dárà yìí mú kí ó dà bí ẹni pé ohùn kan péré ni ó wà láàárín ipò méjèèjì: gbé ohùn sókè díẹ̀, ìṣẹ́ yóò sì di iṣẹ́. Ọgbọ́n olùkọ́ àgbà ni èyí, nítorí ó fún ọmọdé ní ìrètí nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ohùn tí ó lè gòkè lè sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Lára ògiri àti lára ọkọ̀, níbi tí wọn kì í ti í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, ohun tí ojú ń rí ni ‘Ise ni oogun ise’. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á sódì pé ìṣẹ́ ni oògùn iṣẹ́. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni ìkàsódì yìí ì bá jẹ́ bí kò bá sí òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kì í tó owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, ẹni tí ó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ tí ìṣẹ́ kò sì kúrò nílé rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìkàsódì náà ni òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró lé lórí ni ‘oògùn’. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, àfiwé náà sì ní òfin tirẹ̀. Nínú ìṣègùn Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n kí oògùn jẹ́ ewé kan ṣoṣo. Ewé yóò wà níbẹ̀, egbò àti èèpo igi yóò bá a lọ, omi tàbí ọtí ni wọn yóò fi sè é, oògùn náà yóò sì ní èèwọ̀. Kí oníṣègùn tó já ewé rárá, yóò bèèrè ohun tí ó fa àìsàn. Bí àfiwé yìí bá dúró, a jẹ́ pé iṣẹ́ lè jẹ́ olórí ewé nínú àgúnmu, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ gbogbo àgúnmu. Ilẹ̀, ẹ̀kọ́, ọ̀nà tí ó dára, owó tí ó níye lórí àti ìdájọ́ òdodo ni àwọn èròjà tí ó kù. Ìjọba tí ó bá fi ewé kan lé aláìsàn lọ́wọ́, tí ó sì kó èròjà yòókù pa mọ́, kò ní ẹ̀tọ́ láti bínú pé oògùn kò jẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá ní fún ipò yìí pàápàá kò fara mọ́ ìtumọ̀ aláìlétò. Àìní ń sọ nípa ohun tí kò sí lọ́wọ́. Ìṣẹ́ ń sọ nípa ipò tí ènìyàn bọ́ sí. Òṣì fi ìtìjú àti àìkàsí kún un, ìdí nìyí tí òwe fi sọ pé òṣì ní í jẹ́ ‘ta ló mọ̀ ọ́ rí’, owó ní í jẹ́ ‘mo bá ọ tan’. Ìyà ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí ohun tí ẹlòmíràn lè fi jẹ ènìyàn. Nígbà tí akọ̀wé ìjọba bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, tí ó sì fi iye owó tí ènìyàn ń ná lójúmọ́ wọ̀n ọ́n, ó ti sọ ìyàtọ̀ tí èdè náà ti rí tipẹ́ nù. Owó lè dín àìní kù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òṣì kò ní lọ bí ẹni tí ó gba owó náà bá tò sójú oòrùn láti àárọ̀, tí wọ́n sì yà á ní fọ́tò bí ẹni tí ń tọrọ.

Ọdúnjọ nínú ewì, Ọdúnjọ nínú ìjọba

Àwọn tí ń fi ewì Ọdúnjọ bá aláìní wí sábà máa ń gbàgbé ẹni tí akéwì náà ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ewì náà kìlọ̀ fún un pé kí ó má gbójú lé ọrọ̀ òbí tàbí ti ẹbí, ó sì fi ẹ̀kọ́ ti iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí yóò sọ ọ́ di ènìyàn. Ohun tí ewì náà gbà láìsọ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ wà, pé ọmọ náà lè wọ ibẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ yóò rí ibi tí yóò ti lò ó. Bí àwọn mẹ́ta yìí kò bá sí, ewì náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Ọdúnjọ, tí wọ́n bí ní 1904 tí ó sì kú ní 1980, kì í ṣe òǹkọ̀wé tí ó kàn dúró lókèèrè tí ó ń gbani níyànjú. Ní àwọn ọdún 1950, ó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́ nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀. Ìjọba yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iye ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún náà sì ju 800,000 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó kọ́ ọmọdé pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́ jókòó láàárín àwọn tí ń wá èròjà yòókù fún oògùn náà. Láti ka ewì rẹ̀ láìka ìjọba tí ó bá ṣiṣẹ́ dà bí ẹni tí ó gbọ́ ìlù ṣùgbọ́n tí kò rí ijó.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ àkókò yẹn di àlọ́ dídùn. Owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò já bọ́ láti ọ̀run. Owó-orí wà nínú rẹ̀. Owó kòkó tí àjọ tí ń ta irè oko ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí kò tó ti ọjà àgbáyé náà wà nínú rẹ̀. Inú àwọn ènìyàn kò dùn sí owó-orí, ìbínú yìí sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ NCNC borí ẹgbẹ́ tí ń ṣèjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Àwọn olùkọ́ tí ó ti gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò sì tó àwọn ọmọ tí ó wọlé. Síbẹ̀, ohun kan ya ètò yìí sọ́tọ̀: àgbẹ̀ tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lè rí ọmọ rẹ̀ tí ń gbé síléètì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó mọ ibi tí òógùn ojú rẹ̀ lọ.

Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn

Òwe kì í dá wà. Bí ọ̀kan bá sọ̀rọ̀, òmíràn a máa dá a lóhùn, lámèyítọ́ tí ó bá sì gbọ́ ẹyọ kan ṣoṣo kò tíì gbọ́ àríyànjiyàn. Òwe tí ó ń dá ‘iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́’ lóhùn ni èyí tí ó sọ pé òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ibòòji. Òwe yìí kò bá iṣẹ́ jà. Ìbéèrè tí ó ń béèrè ni pé ta ni èrè iṣẹ́ ń lọ bá? Òun náà gbà pé iṣẹ́ jẹ́ oògùn. Ó kàn ń sọ pé ẹnìkan ló gún un, ẹlòmíràn ló lá a.

Àpẹẹrẹ tí ó fi àríyànjiyàn yìí hàn jù nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ni ìjà àwọn àgbẹ̀ ní 1968 sí 1969, nígbà tí owó-orí ga tí owó kòkó kò sì tó nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ara wọn yẹ fún ìtúpalẹ̀ nínú kíláàsì. Àgbẹ̀kọ̀yà ni wọ́n jẹ́. Wọn kò jẹ́ Àgbẹ̀kọ̀ṣẹ́. Nínú orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ya iṣẹ́ kúrò lára ìyà, tí wọ́n sì sọ fún ìjọba pé ohun tí àwọn kọ̀ kì í ṣe oko. Kò sí ìwé ìwádìí tí ó sọ ọ́ ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin (1969), Adébáyọ̀ Fálétí gbé àwọn ará Òkè Ògùn tí wọ́n wà lábẹ́ ìsìn sójú òǹkàwé. Àwọn ènìyàn náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ẹlòmíràn gan-an ni àmì ẹrú lára wọn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀ síwájú nínú eré onítàn rẹ̀, Rẹ́rẹ́ Rún (1973), níbi tí Láwúwo, olórí àwọn òṣìṣẹ́, ti ń bá àwọn aláṣẹ ìlú fa ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Eré náà kò parí sí ayọ̀. Ìjà náà fọ́, orí olórí náà sì dàrú. Àwọn kan lè rí ìparí yìí gẹ́gẹ́ bí àìnírètí. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe láti kà á gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀ pé bí ètò tí ń pín èrè iṣẹ́ kò bá yí padà, akíkanjú ẹnìkan kò lè yí i, bí iṣẹ́ àṣelàágùn ẹnìkan kò ti lè lé ìṣẹ́ kúrò ní gbogbo ìlú.

Orúkọ àwọn ètò ìjọba

Ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà mọ ẹni tí ètò kan wà fún ni láti wo èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹgbẹ́ Action Group ní orúkọ Yorùbá, Afẹ́nifẹ́re; ètò rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù náà ní tirẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìyá tí kò mọ̀wé lè pe méjèèjì, ó sì lè lo orúkọ náà láti bi olùkọ́ léèrè ìdí tí ó fi ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ òun. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ní ọwọ́ ará ìlú.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà. Operation Feed the Nation dé ní 1976, Green Revolution tẹ̀ lé e ní 1980. Ní 1986, SAP dé, DFRRI sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Better Life dé ní 1987, People's Bank ní 1989, Family Support Programme ní 1994, FEAP ní 1997, NAPEP ní 2001, NEEDS ní 2004. Lẹ́tà gírámà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú orúkọ wọ̀nyí. Ará oko tí ó gbọ́ DFRRI kò lè mọ̀ láti inú orúkọ náà pé ọ̀nà, omi àti iná ìgbèríko ni wọ́n ṣèlérí fún un. Bí kò bá sì mọ ohun tí wọ́n ṣèlérí, kò ní mọ ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àìtúmọ̀ sí èdè àwọn ènìyàn kì í ṣe àbùkù ọ̀ṣọ́ lásán. Ó jẹ́ ọ̀nà kan láti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò.

Ibi tí ìjọba kò bá ti túmọ̀, àwọn ènìyàn a máa túmọ̀ fúnra wọn. Better Life, tí orúkọ rẹ̀ sọ pé fún àwọn obìnrin ìgbèríko ni, di ohun yẹ̀yẹ́ lẹ́nu àwọn tí ó rí aṣọ olówó ńlá àti ayẹyẹ ìlú ńlá tí wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n ní ti àwọn obìnrin olówó ni. Lámèyítọ́ ni àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi orúkọ wé ìṣe, wọ́n sì rí i pé wọn kò bára mu.

SAP ni ó fi ìtumọ̀ aláìlétò hàn jùlọ. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Ní 1987, ó tó náírà 4 kí dọ́là kan tó tẹ ènìyàn lọ́wọ́. Àgbẹ̀ kòkó rí owó díẹ̀ sí i lórí irè rẹ̀, nítorí pé ìjọba fagi lé àwọn àjọ tí ń ta irè oko ní 1986. Ó yẹ kí èyí wà nínú àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé tí ń gba owó oṣù rí i pé iṣẹ́ wọn kò yí padà, síbẹ̀ ohun tí iṣẹ́ náà lè rà ti fò lọ. Ìwọ́de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tako SAP ní 1989 wá láti inú ìyàtọ̀ yìí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru pé ọ̀lẹ ni ó sọ ọ́ di aláìní.

Láti ẹ̀yáwó dé owó ìrànwọ́ orí epo

Àwọn ètò tí ó dé lẹ́yìn 2016 gbé ìbéèrè náà wá lákọ̀tun. TraderMoni, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, kọ́kọ́ yá àwọn òǹtàjà wẹ́wẹ́ ní náírà 10,000 láìgba ohun ìdúró. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé owó ìdókòwò ni ó ń dí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó gbé igbá ata sí ìdí ọjà láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kò ṣàìní iṣẹ́. Ohun tí ó ń jẹ èrè rẹ̀ ni owó ọkọ̀, owó ọjà, ata tí ó rà lójú ọ̀nà tí kò dára, àti owó tí iye rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àpò rẹ̀. Ẹ̀yáwó kékeré lè ràn án lọ́wọ́ fún oṣù díẹ̀. Kò lè tún ọ̀nà ṣe fún un. Àjọ àti èésú tí àwọn obìnrin ọjà ń dá láàárín ara wọn ti ń ṣe irú ìrànwọ́ yìí tipẹ́, láìsí ìjọba níbẹ̀. Ohun tí àjọ kò lè ṣe ni ó yẹ kí ìjọba ṣe.

Oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ tún gbé dìde ní 2016 sún mọ́ ọgbọ́n inú òwe mìíràn, pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe yìí ya ìṣẹ́ sí apá-apá, ó sì sọ èyí tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò lóye pé bí ètò kan bá mú kí oúnjẹ wọ́n lónìí nítorí ọrọ̀ tí yóò dé lọ́la, ó ti gbé kẹ̀kẹ́ síwájú ẹṣin tí ebi ń pa.

Ìdánwò tí ó tóbi jù lórí èyí dé ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí kò tó náírà 200 ṣáájú ọjọ́ náà kọjá náírà 600 láàárín oṣù díẹ̀, ìjọba sì jẹ́ kí náírà wá ìpele tirẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní àlàyé tí ó lágbára: owó ìrànwọ́ náà ń gbé owó ìlú mì, àwọn olówó àti àwọn afàyàwọ́ sì ń jẹ nínú rẹ̀ ju mẹ̀kúnnù lọ. Àlàyé yìí kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ìṣirò orílẹ̀-èdè ti fi hàn ní 2022, kí èyí tó ṣẹlẹ̀, pé mílíọ̀nù 133 ni àwọn tí àìní bá fínra ní ọ̀nà púpọ̀, ìyẹn ìpín 63 nínú 100. Owó oṣù tí ó kéré jù kò kúrò ní náírà 30,000 tí wọ́n gbé e sí ní 2019 títí di oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí ó di 70,000. Fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ, iye owó epo ti yí padà, owó òṣìṣẹ́ kò yí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dí àlàfo náà ni sùúrù àti ìfaradà. Ìwà rere ni méjèèjì láwùjọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní ibòòji kọ́ ni ó yẹ kí ó máa fi wọ́n wàásù fún ẹni tí ó wà lóòrùn.

Ohun tí àwọn kan lè sọ

Àwọn kan lè sọ pé irú ìtumọ̀ báyìí yóò sọ àwọn ọ̀dọ́ di ọ̀lẹ, pé yóò kọ́ wọn láti máa ti ẹ̀bi sọ́rùn ìjọba. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, nítorí ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò lè jẹ àǹfààní ètò kankan. Ṣùgbọ́n àṣà tí ó fún wa ní òwe yìí náà ni ó dá àáró àti ọ̀wẹ̀ sílẹ̀. Nínú àáró, kò sí àyè fún ọ̀lẹ, nítorí ẹni tí kò bá lọ sí oko ẹlòmíràn kò ní rí ẹni wá sí tirẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ó dá igbó kìjikìji ṣán. Iṣẹ́ àti ètò jọ ń rìn ni. Àwọn tí ń bẹ̀rù ọ̀lẹ yẹ kí wọ́n rántí àáró kí wọ́n tó ké mọ́ aláìní.

Àgbálọgbábọ̀

Àtúpalẹ̀ yìí ti fi hàn pé òwe ‘iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́’ kò purọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti lò ó láti purọ́. Àfiwé inú rẹ̀ ń bèèrè èròjà púpọ̀. Ewì tí ó sọ ọ́ di olókìkí wá láti ọwọ́ ẹni tí ó bá ìjọba ṣe ètò ẹ̀kọ́. Òwe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bèèrè ẹni tí ń jẹ èrè iṣẹ́.

Iṣẹ́ wà nínú èyí fún àwọn olùkọ́ Yorùbá. Ewì Ọdúnjọ yẹ kí ó wà nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kọ ‘òṣìṣẹ́ wà lóòrùn’ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú pátákó, kí ó fi àmì ohùn sí àwọn méjèèjì, kí ó sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lé wọn lórí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè lọ sí ọjà láti kó orúkọ tí àwọn ènìyàn fún ètò ìjọba kọ̀ọ̀kan jọ, nítorí ìwé lámèyítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ ni wọ́n. Àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní yunifásítì sì lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ pé kí ètò tí wọ́n bá fẹ́ fi tún ayé mẹ̀kúnnù ṣe wà ní Yorùbá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú iye owó rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, kí ará ìlú lè kà á, kí ó sì lè bèèrè èyí tí ó kù. Ọmọ tí ó bá kọ́ òwe méjèèjì pọ̀ yóò ṣiṣẹ́, yóò sì mọ ìgbà tí wọ́n rẹ́ òun jẹ.